Ọkọ̀ Ojú Irin Àlòkù

Fọ́tò mẹ́ta ni obìnrin náà fi síta lórí fóònù:
ẹ́ńjìnnì kan, ọ̀dà ewé ara rẹ̀ ti ń ṣí,
wáágùn mẹ́rin, ọ̀kan ò ní ilẹ̀kùn,
irin tó ká bí ejò tó ń sùn nínú páálí bàtà.
"Ẹ̀ẹ̀mejì péré la lò ó," ló kọ sábẹ́ rẹ̀.
Mo rẹ́rìn-ín. Gbogbo ohun àlòkù ayé,
ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n ti lò ó rí.

Ẹgbẹ̀rún márùndínlọ́gbọ̀n, ó wí.
Mo ní méjìlá. Ó ní kí n lọ ra bọ́ọ̀lù.
A fa ọ̀rọ̀ náà láti Ọjọ́rú títí di Àìkú,
òun ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ń bẹ̀rù àkàbà,
èmi ń gùn ún bí arúgbó,
a pàdé lórí méjìdínlógún.

Ìyá Sẹ́míù bi mí pé ta ló fẹ́ fi ṣeré,
nígbà tí àwọn ọmọ wa ti hu irùngbọ̀n tán.
Mi ò dáhùn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́,
pé ilé tí wọ́n bí mi sí kọjú sí rélùwéè,
pé bàbá mi, Làmídì alásíá,
a máa gbé pupa àti àwọ̀ ewé há abíyá
bí ẹlòmíràn ṣe ń gbé agbòòrùn;
pé bí ọkọ̀ bá ti ń bọ̀ láti apá Ẹdẹ,
ife tíì orí tábìlì á kọ́kọ́ gbọ̀n
kí etí ẹnikẹ́ni tó gbọ́;
pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo wọ ọkọ̀ náà,
dé Ìkìrun,
mo sì sùn lọ lójú ọ̀nà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ẹrù dé gáréèjì.
Awakọ̀ gba ẹgbẹ̀rún méjì lé e, ó ní irin wúwo.
Mo tú u lórí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó mi nílé wa ní Alékùwodò.
Wáágùn mẹ́rin ti di mẹ́ta.
Òórùn káńfọ̀, òórùn ilé onílé,
irun ológbò tó wé mọ́ ẹsẹ̀ kan.
Lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ẹnì kan ti fi ìṣó ha á:
TI ÀRẸ̀MÚ NI. MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN.
Mo fọwọ́ kàn án.

Kò mira.
Mo wáyà á mọ́ bátìrì rédíò,
mo kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ sí i lára,
ó wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó gbéra,
ó ń fẹ̀yìn rìn.
Agolo mílíìkì ni mo fi ṣe Ìkìrun,
bọ́bìnnì òwú dúdú ni Òṣogbo;
ibi tó yẹ kó lọ gan-an ló ń kẹ̀yìn sí.
Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀.
Ẹni tó ra ọkọ̀ nítorí àná,
iwájú wo ló tún ń wá?

Mo ya fídíò, mo fi ránṣẹ́ sí obìnrin náà,
nítorí wáágùn kẹrin, kì í ṣe nítorí oore.
Kò tilẹ̀ mẹ́nu ba wáágùn.
Ó ní, "Ó rìn? Nílé wa kò rìn rí.
Ẹ̀ẹ̀mejì tí mo kọ, ẹ̀ẹ̀mejì tí a dán an wò ni."
Lẹ́yìn náà, ohùn ọmọdé kan, tó ń jẹ nǹkan lẹ́nu:
"Bàbá, ẹ yí bátìrì yẹn sódì. Á lọ síwájú."

Mo yí i. Ó lọ síwájú.
Bí gbogbo ọgbọ́n mi ṣe tú nìyẹn.
Ìyá Sẹ́míù fọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì.

Wáágùn kẹrin ò tíì dé.
Lọ́sàn-án, bí àwọn ọmọ àdúgbò bá wá wò ó,
iwájú ló ń lọ, wọ́n á pàtẹ́wọ́.
Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti mú iná lọ, tí ilé dákẹ́,
mo máa ń tan tọ́ọ̀ṣì, mo máa ń yí bátìrì sódì,
kó gbé mi padà sí ọ̀nà Ìkìrun,
bóyá lọ́tẹ̀ yìí mi ò ní sùn.